Ẹ̀rọ Ló Yà Á, Ọmọ Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò, àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti àwọn òbí sọ nìyí, ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé tí ẹ̀rọ ń yà, àti ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Ibi tí iná ti lọ, tí a fi ń dúró de jẹnẹrétọ̀, nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ pa ìsọ̀ dé ní Ìgbọ̀nà nítorí ìpàdé yìí, ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá o. Ẹ̀yin bàbá onífọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń tún fóònù ṣe ní Ọláìyá, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ sún síwájú, ọ̀rọ̀ yín pọ̀ nínú ohun tí mo gbé wá. Alága ní ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ aago, nítorí lọ́yà tí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀ kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú.

Kí n tó dárúkọ òfin kankan, mo fẹ́ bi ẹ̀yin àgbà onífọ́tò léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ló rántí fọ́tò ìbejì? Mo rí ọwọ́. Ọwọ́ pọ̀. Ẹ ṣé o. Àwọn ọmọdé inú wa ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Láyé àtijọ́, ní Ìlá Ọ̀ràngún níbí àti ní àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ìyá á mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á ya ọmọ kan ṣoṣo náà. Tó bá wọ yàrá òkùnkùn, á tẹ nẹ́gátífù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó di Táyé, ó di Kẹ́hìndé. Bó bá ṣe pé ọkùnrin ni ọ̀kan, tí obìnrin sì ni èkejì, wọ́n á wọṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á. Wọ́n á tún wọṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ìyá á gbé e kọ́ ara ògiri, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ kejì tó wà nínú fọ́tò yẹn kò jókòó síwájú kámẹ́rà rí láyé rẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ onífọ́tò ló dá a. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde tó tutọ́ sí fọ́tò yẹn lójú ìyá, ṣé ìyá á ní, “Kò burú, bébà lásán ni”? Ère ìbejì ńkọ́? Igi ṣá ni. Igi tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń fi osùn pa lára, tí wọ́n ń gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Ta ló jẹ́ dé ìdí rẹ̀ kó lọ hu ìwàkiwà sí i?

Àwa ò sọ rí, nílẹ̀ wa, pé àwòrán ọmọ kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ìyá aláta

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta ata wá sí ọ́fíìsì mi. Ó dojú fóònù rẹ̀ dé orí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń di ìdérí ìkòkò mú kí ó má baà ṣí. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Ó ní, “Ẹ má wò ó, ma. Ẹ kàn bá mi gbọ́ ọ ni.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 15, wọ ànkárá lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó ya fọ́tò, ó fi í sí status WhatsApp. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ mú fọ́tò náà, ó kó o sínú áàpù kan tó ń fi AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, bọ́ aṣọ lọ́rùn èèyàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ojú ọmọ yẹn ni, irun ọmọ yẹn ni, àpá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ dá. Ó jù ú sínú gúrúùpù kíláàsì. Kí wọ́n tó jáde ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn, ó ti dé gúrúùpù mìíràn. Ibi tí a ti ń wá aṣọ bọ̀ fún Ọmọyẹ, Ọmọyẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ẹ gbà mí láyè kí n tún un sọ: Ọmọyẹ tiwa yìí kò bọ́ṣọ o. Aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n sì mú un rìnhòòhò wọjà.

Ìyá lọ bá bàbá ọmọkùnrin náà. Ẹ gbọ́ èsì tí bàbá fọ̀: “Ẹ̀rọ ló yà á. Ara ọmọ yín kọ́ nìyẹn. Kí ló wá kàn yín níbẹ̀?”

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ lọ́yà ni bàbá yẹn sọ, kò kàn mọ̀ ni. Àwọn lọ́yà ńlá ńlá ti gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ síwájú ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì jàre. Ibi tí wọ́n jàre dé, àti ibi tí kò dé, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Òfin méjì, ìbéèrè méjì

Òfin méjì ló máa ń dé ìdí irú ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn èèyàn a sì máa pò wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni òfin tó de ohun ìṣekúṣe, ohun tí àwa ń pè ní búlù fíìmù àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ti pẹ́. Lọ́dún 1868 ni adájọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là á sílẹ̀ pé ohun ìṣekúṣe ni ohun tó lè ba ọkàn ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ jẹ́. Òyìnbó kó o wá fún wa, ó ṣì wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa ní gúúsù títí dòní. Ìbéèrè tí òfin yìí ń bi ni pé: kí ni yóò ṣe sí ẹni tó ń wò ó? Kò béèrè ẹni tí wọ́n yà.

Ó sì ní òye díẹ̀. Ó ní kí a wo gbogbo iṣẹ́ náà pọ̀, kí a wo ẹni tó ṣeé ṣe kó rí i. Ẹ jẹ́ ká lọ sí igbó Ọ̀ṣun tiwa. Àwọn ère tí Àdùnní Olóòrìṣà, Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, òmíràn nínú wọn, ọmú ń bẹ níta gbangba. UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ère náà kọjá lọ sí odò, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Ṣé ìṣekúṣe nìyẹn? Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ìhòòhò nìkan kọ́ ni òfin ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyà tí òfin yẹn fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá pín ohun ìṣekúṣe káàkiri: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju 400 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Irínwó náírà! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ bá mi ra búrẹ́dì tí yóò yó ọmọ méjì ní irínwó náírà lónìí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, owó gidi ni.

Òfin kejì ni ti ààbò ọmọdé. Ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: kí ni wọ́n ṣe sí ọmọ yìí? Òfin yìí kò fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn ẹni tó wò ó bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Lọ́dún 1982, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ kedere pé àwòrán tó lo ọmọdé fún ìbálòpọ̀, kódà bí kò bá tó ohun ìṣekúṣe lójú òfin àkọ́kọ́, ìjọba lè fi òfin dè é, nítorí pé ìyà jẹ ọmọ nígbà tí wọ́n ń yà á.

Níbo wá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀? Ibi tí kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán ni.

Ibi tí wọ́n ti jàre

Lọ́dún 1996, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé àwòrán ìbálòpọ̀ tó bá ṣáà ti jọ ti ọmọdé, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà ló yà á. Wọ́n gbé òfin náà lọ sí kóòtù. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2002, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fa ibẹ̀ yẹn ya. Wọ́n ní ìyà tó jẹ ọmọ nígbà yíyà ló gbé òfin ààbò ọmọdé ró. Bí kò bá wá sí ọmọ, ìyà dà?

Bàbá ọmọkùnrin yẹn ì bá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ parí. Ẹjọ́ ọdún 2002 yẹn dá lórí ọmọ tí kò sí láyé rárá. Àwòrán tí wọ́n mú ojú ọmọ gidi, ọmọ tí a mọ̀, tí wọ́n fi í sórí ara mìíràn, kóòtù kò wọ́gi lé òfin tó de ìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ sọ pé ó sún mọ́ ọ̀ràn ọdún 1982. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti fẹ́ràn òmìnira ọ̀rọ̀ jù lọ láyé yẹn náà, ọmọ ìyá aláta ì bá rí ibi fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún kejì, 2003, àwọn aṣòfin wọn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n ní ó dáa, bí òfin ààbò ọmọdé kò bá dé ibẹ̀, òfin ìṣekúṣe á dé e. Àwòrán ọmọdé, yálà a fi ọwọ́ yà á ni, tàbí kàtúùnù, tàbí ère, bó bá ti jẹ́ ìṣekúṣe lójú òfin, ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọn kò ní wá ọmọ náà kiri kí wọ́n tó mú ọ. Ẹ rí i bí òfin méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fi ti ẹnikẹ́ni ṣe. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti fi kún òfin wọn pé àwòrán tó bá jọ fọ́tò, fọ́tò ni lójú òfin. Lọ́dún 2024, ọkùnrin kan ní Bolton tó ń gba fọ́tò àwọn ọmọ gidi, tó ń fi kọ̀ǹpútà àti AI sọ wọ́n di ohun tí n kò ní sọ níwájú yín, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 18, fún ìyẹn àti fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tó so mọ́ ọn.

Tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Nàìjíríà kò ní òfin, ẹ fetí sílẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, abala 23. Ó dárúkọ oríṣi àwòrán mẹ́ta: ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó ń ṣe ohun ìbálòpọ̀, ti ẹni tó jọ ọmọ tí kò tíì pé 18, ẹ̀kẹta ni àwòrán tó jọ òótọ́, tó dúró fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Ẹ tún ẹ̀kẹta yẹn gbọ́. Ó dúró fún ọmọ. Òfin wa kò ní kí kámẹ́rà ti rí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ìbejì ni, àbí kì í ṣe òun?

Wọn ò dá a rò nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lásán. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Budapest lọ́dún 2001 lórí ìwà ọ̀daràn kọ̀ǹpútà ló ní irú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wọ inú àdéhùn náà lọ́dún 2022. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, AI tó ń yàwòrán bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí kò tíì sí, òfin ti jókòó dè é.

Ìyà rẹ̀ kì í ṣe irínwó náírà. Ẹni tó bá ṣe é, tàbí tó pín in kiri, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 tàbí ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá kàn tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, ọdún 5 tàbí mílíọ̀nù 10.

Èmi ò ní tàn yín, nítorí lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì náà lẹ́nu. Òfin náà ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣe ìbálòpọ̀. Ó lè dìde pé ìhòòhò lásán ni ti oníbàárà òun, ẹni tó dúró kò ṣe nǹkan kan. A ó jà á. Abala 24 tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024 ṣì wà fún fífi ohun oníhòòhò ránṣẹ́, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti sọ di tirẹ̀, sì ní ohun tó sọ lórí iyì ọmọ.

Ibi tó bà mí lẹ́rù jù nìyí o. Mo bi ìyá aláta pé, “Mama, ta ni ẹ ti fi hàn?” Ó ní inú bí òun débi pé òun fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun ní Ìbàdàn, sí pásítọ̀, sí ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, àti sí àwọn mẹ́ta mìíràn, kí wọ́n lè rí ìyà tí wọ́n fi jẹ òun. Èèyàn mẹ́fà! Orí mi wú. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ìyá tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni, kò sí adájọ́ tí kò ní ṣàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n fífi ránṣẹ́ ni fífi ránṣẹ́. Ìgbà náà ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú mi, kí wọ́n pa á rẹ́. Pásítọ̀ kò kọ́kọ́ gbé e.

Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Ọmọdé ni òun náà, ọdún 16. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé kò gbà kí a fà á lọ síwájú kóòtù bí àgbàlagbà. Ní ìlú kan tó ń jẹ́ Almendralejo ní Sípéènì, lọ́dún 2023, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé wọn ló ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kóòtù fi 15 nínú wọn sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún kan, wọ́n sì ní kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹ̀wọ̀n lọ. Tiwa kò dé kóòtù. Àwọn ẹbí parí rẹ̀ nílé. Ìyá ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wo àwòrán náà, kódà adájọ́. Ọmọ náà ti kúrò nílé ìwé yẹn. Òdòdó ló wà lójú WhatsApp rẹ̀ báyìí.

Bí kò bá sí ọmọ rárá

Ó ku ẹyọ kan. Bí ẹnì kan bá jókòó sínú yàrá rẹ̀, tó ní kí AI ya ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bí, ta ló ṣẹ̀? Àwọn ọlọ́gbọ́n èèyàn ti bi mí ní ìbéèrè yìí, wọn kì í ṣe èèyàn burúkú.

Èsì mi ni pé kí wọ́n bi ẹ̀rọ náà níbi tó ti kọ́ iṣẹ́. AI kò lá àlá. Ohun tí a bá fi bọ́ ọ ló ń pọ̀. Lóṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà yẹ àkójọ àwòrán ńlá kan tí wọ́n ń pè ní LAION-5B wò, èyí tí wọ́n fi kọ́ irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní 1,000 àwòrán àwọn ọmọ gidi tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní kò sí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara àwọn ọmọ tó ti jìyà ni wọ́n gé jọ. Ohun kejì: lọ́dún 2023 kan náà, àjọ Internet Watch Foundation ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń tọpa àwòrán ìlòkulò ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rí àwòrán AI tó lé ní 20,000 láàárín oṣù kan, ní ojúde ìpàdé kan ṣoṣo nínú íntánẹ́ẹ̀tì òkùnkùn, apá íntánẹ́ẹ̀tì tó fara pamọ́. Ọlọ́pàá tó ń wá ọmọ tó wà nínú ewu, bí ó bá ń fi oṣù kan wá ọmọ tí ẹ̀rọ dá, ọmọ gidi wà níbì kan tó ń dúró dè é.

Nítorí náà mo fara mọ́ òfin wa lórí èyí, mo yàtọ̀ sí kóòtù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n òfin wa náà ní ihò: ó ní “àwòrán tó jọ òótọ́.” Kàtúùnù kò jọ òótọ́. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà kàtúùnù, irínwó náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí méjèèjì, ló ń dúró dè é. Àwọn aṣòfin wa ti mọ ọ̀nà ilé mi, kí wọ́n wá.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́

Ẹ̀yin onítún-fóònù-ṣe, bí ẹ bá bá irú àwòrán yìí nínú fóònù oníbàárà, ẹ má dà á kọ sórí fóònù yín pé ẹ fẹ́ lò ó ṣe ẹ̀rí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dà á kọ, ó ti di tiyín. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ kan sí ọlọ́pàá. Kóòtù pàápàá kì í gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde bẹ́ẹ̀. Abala 84 òfin ẹ̀rí ní ohun tó ń béèrè nípa ẹ̀rọ tó ti jáde wá. Ẹ̀yin onífọ́tò tí ẹ ń kó fọ́tò ọmọ oníbàárà sórí Facebook láti fi polówó ìsọ̀, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu òbí.

Ogójì ìṣẹ́jú ti pé. Ta ló ní ìbéèrè?

(Bàbá kan tó wọ fìlà aró, àgbà onífọ́tò, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, “Ọmọ mi, láti nǹkan bí ogójì ọdún ni mo ti ń ya ìkómọ. Mo ní nẹ́gátífù ọmọ tí ìyá àgbà ń wẹ̀, ìhòòhò ọmọlúàbí. Ṣé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ rán mi lọ?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.)

Rárá o, Bàbá. Ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ náà ni. Òfin ń wá ìbálòpọ̀, kò wá ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ẹ fi wọ́n síbi tí wọ́n wà. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín fi fóònù yà wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń jẹun.

(Bàbá ní, “Inú páálí mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà. Bọ́tìnnì ò sí níbẹ̀.” Ó jókòó. Jẹnẹrétọ̀ tún ń húkọ́, alága ní kí ẹlòmíràn tètè béèrè tirẹ̀.)